Mo Sọ fún Un Pé Ó Ti Ń Dití

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó láti ka èyí nínú ìwé ìròyìn, ẹ má tètè ṣàánú mi. Wilfrido Cantillo ni orúkọ mi. Ẹ̀rọ orin ni mo ń tún ṣe ní Rebolo, ní ìlú Barranquilla, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ bá jẹ́ ará àdúgbò wa, ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn, wọn kò sì purọ́ mọ́ mi. Wọn kò kàn mọ ibi tó parí sí ni.

Ní ọ̀dọ̀ wa, pikó ni ayé. Àpótí sípíkà ni, ó ga ju ènìyàn méjì lọ bí a bá to wọ́n léra. Wọ́n á ya àwòrán aláwọ̀ títàn sí iwájú rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ. Ẹni tí pikó rẹ̀ bá dún dáadáa, bó bá ń kọjá, àwọn èèyàn á dìde kí i. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dún, wọ́n á ní kó lọ fi sin adìyẹ.

Aristides Pertuz ló ni El Chavarrí, pikó tí a fi orúkọ ẹyẹ irà kan pè, ẹyẹ tí igbe rẹ̀ máa ń jí abúlé mẹ́ta. Aristides ni baba ìsàmì Yadira, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tó ti gbé ọmọ náà lọ́wọ́ níwájú àlùfáà la ti ń pe ara wa ní Kompáè, ìyẹn sì wúwo lọ́dọ̀ wa ju ẹbí lọ, nítorí kò sẹ́ni tó yan ẹbí rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí lọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú fún ọdún mọ́kànlá, ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹ ọbẹ̀ ẹja tí Digna ìyàwó rẹ̀, Komáè mi, ń sè.

Kapásítọ̀ mẹ́rin kan wà nínú ampilifáyà El Chavarrí. Ẹni tí kò bá mọ kapásítọ̀, ohun kékeré kan ni, kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ní ẹsẹ̀ wáyà méjì. Orin á gba inú rẹ̀ kọjá láti ara gílóòbù inú ẹ̀rọ kan sí ara èkejì, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí iná líle bá orin kọjá. Aṣọ́bodè ni. Bí aṣọ́bodè bá burú, ohun gbogbo tó bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á burú.

Inú ẹ̀rọ ilé sinimá kan tó ti kógbá wọlé ni mo ti yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bébà àti epo ló wà nínú wọn, ìda yẹ́lò ló bò wọ́n. Mo fi ọ̀bẹ ha orúkọ tó wà lára wọn kúrò pátá, bí àwọn oní-pikó ṣe máa ń ha orúkọ ara àwo orin wọn kúrò kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Nígbà tí El Chavarrí kọ́kọ́ fi wọ́n dún, àwọn ọkùnrin ṣí fìlà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di gbajúmọ̀. Wọ́n ní etí mi kò láfiwé. Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn oní-pikó á jókòó sórí àpótí bíà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, oníkálukú á kó kapásítọ̀ tirẹ̀ wá nínú báàgì bébà. N ó jó ọ̀kan mọ́ ara ẹ̀rọ, n ó gbé àwo lé e, n ó dijú.

"Eléyìí gbẹ," n ó wí.

Wọ́n á mi orí bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Eléyìí lépo. Eléyìí, iyanrìn wà nínú rẹ̀."

Ṣé lóòótọ́ ni mo máa ń gbọ́ iyanrìn? Mo máa ń gbọ́ nǹkan kan. Bí ogún ọkùnrin bá tẹjú mọ́ ẹnu èèyàn, kò sí bí kò ṣe ní gbọ́ nǹkan kan.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978 ni Eufemia Ospino dá mi dúró. Opó ni, ó ń dín àkàrà àgbàdo elẹ́yin ní igun ọ̀nà wa, òun ló sì ni La Avispa, pikó tó ń bá El Chavarrí du ipò. Agbọ́n ni ìtumọ̀ orúkọ náà.

"Wilfrido, jókòó. Mélòó ni kí n dín?"

"Méjì, Màmá."

"Ta ló ni ohùn El Chavarrí?"

"Kompáè mi ni."

"Ṣé mo bi ọ́ nípa àpótí ni? Ohùn ni mo wí."

Ó da ẹyin sínú àkàrà, ó tún un sọ sínú epo.

"Orúkọ ta ló wà níwájú rẹ̀?"

"Aristides Pertuz."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Kò sí."

"Lẹ́yìn ńkọ́? Bóyá lábẹ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹun."

"Jẹun, ta ló di ẹnu rẹ mú? Ọkọ mi tó kú, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi mọ ilé fún àwọn olówó. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo kó àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ wo ọ̀kan. Mo ní, ẹ wò ó, bàbá yín àgbà ló mọ eléyìí. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì jáde, ó ní ta là ń wá." Ó gbé àkàrà síwájú mi. "Aristides yá mọ́ni, mi ò ní í bú u. Ṣùgbọ́n bí o bá fi kapásítọ̀ mẹ́rin yẹn sínú La Avispa, Dimas ayàwòrán á kọ orúkọ rẹ sí iwájú rẹ̀, lókè tèmi. Lẹ́tà tó gùn tó apá. Ọ̀dà tó ń tàn."

"Wọn kì í ṣe tèmi, Màmá."

"Bá a sọ ọ́. Kompáè rẹ ni."

Mo ní láéláé. Mo jẹ àkàrà kẹta, mo lọ sílé. Nígbà tí mo délé, mo mú pẹ́ńsùlù, mo kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn ìwé iná mànàmáná, láti kàn wo bó ṣe máa rí. Ó rí dáadáa. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní oṣù Kínní, bí ìṣe rẹ̀ lọ́dọọdún, Kompáè gbé ampilifáyà wá kí n nù ún, kí n yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú Kanifá, ọjọ́ mẹ́rin tí gbogbo ìlú fi ń jó kí Lẹ́ńtì tó wọlé. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Tọ́jú ọmọ mi," ó lọ. Kò dúró wo ohun tí mo ń ṣe. Kò dúró wò ó rí.

Mo ti ra kapásítọ̀ mẹ́rin tuntun ní ọjà àwọn onífàyàwọ́. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára wọn. Mo fi mítà wọ̀n wọ́n, ìwọ̀n kan náà. Mo yọ àwọn ti àtijọ́, mo jó àwọn tuntun síbẹ̀, mo sì gbé àwo tí Kompáè fẹ́ràn jù, èyí tó gbé wá pẹ̀lú ampilifáyà kí n fi dán an wò, sórí ẹ̀rọ.

Atukọ̀ kan ló mú àwo náà wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Àwa fúnra wa la ha orúkọ ara rẹ̀ kúrò, nígbà tó sì yá, a gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀. A kò mọ èdè tí obìnrin tó kọ ọ́ fi ń kọrin. Obìnrin Náà la ń pè é. El Chavarrí nìkan ló ní i ní gbogbo etíkun.

Mo gbọ́ Obìnrin Náà nígbà mẹ́wàá pẹ̀lú àwọn tuntun. Mo dá àwọn ti àtijọ́ padà, mo tún gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá. Mo dijú. Mo pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà dí mi lọ́wọ́.

Ohun kan náà ni mo gbọ́.

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, a jẹ́ pé n kò jí nǹkan kan. Orúkọ lásán ni mo fẹ́ fún Màmá Eufemia, orúkọ lásán lòun náà fẹ́ fún mi, ọjà tó bára mu ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìyàtọ̀, iyanrìn tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? N kò ro èyí dé òpin. Mo ha orúkọ ara àwọn tuntun kúrò, mo fi ọ̀dà yẹ́lò kùn wọ́n, mo sì ti ìdérí ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo kó ti àtijọ́ dé ọ̀dọ̀ Màmá Eufemia, ó béèrè lọ́wọ́ mi: "Aristides ńkọ́? Ṣé ó gbà?"

"Ó gbà," mo wí. "Ẹ kàn má sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ojú ń tì í."

"Èèyàn dáadáa ni," ó wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Kompáè fi ránṣẹ́ pè mí.

"Wilfrido, èémí rẹ̀ dà?"

"Èémí ta ni?"

"Ti Obìnrin Náà. Kó tó bọ́ sí ẹsẹ kejì, ó máa ń mí sínú. Bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró dè é. Mi ò gbọ́ ọ mọ́."

Mo fi mítà kan gbogbo ibi tí mítà lè kàn. "Ìwọ̀n rẹ̀ pé, Kompáè."

"Ṣé ìwọ̀n ni mo bi ọ́? Wá, gbọ́ ọ fúnra rẹ."

Ó gbé àwo lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi etí ti àpótí, mo dijú. Mo mọ̀ pé ó ń wo ẹnu mi.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Ketekete."

"Nígbà wo?"

"Nísinsìnyí."

"Orin ò tíì dé ibẹ̀."

Mo ní ó ti dé ibòmíràn tó jọ ọ́. A dúró títí tó fi dé ibẹ̀. Ó bojú wò mí. Mo mi orí pé ó wà níbẹ̀. Òun náà tẹ etí mọ́ àpótí, ó dúró pẹ́, ó sì mi orí tirẹ̀ pé kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. N kò gbọ́ èémí kankan, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí náà, kì í ṣe pẹ̀lú ti àtijọ́, kì í ṣe pẹ̀lú tuntun. Lọ́kàn mi, bàbá yìí ló ń gbọ́ ohun tí kò sí. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò ní kí n ṣí ìdérí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ.

"Kompáè, ẹ má bínú sí mi. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ ti fi dúró níwájú sípíkà. Etí èèyàn kì í ṣe irin."

Ó pa ẹ̀rọ.

"Ṣé o rò bẹ́ẹ̀?"

"Ó máa ń ṣe gbogbo àgbà. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohùn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ ń lọ."

Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, mo sì gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀.

Ó lọ rí dókítà etí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ti ibẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tààrà.

"Dókítà ní etí mi dà bíi ti ọmọ ogójì ọdún."

"Kí ló fi dán an wò?"

"Agogo kékeré kan."

"Kompáè, agogo kì í ṣe orin."

Ó rò ó. "Òótọ́ ni," ó wí. "Kí ni dókítà mọ̀ nípa orin?" Ọkùnrin náà gbé ìwé dókítà sọ nù, ó mú ọ̀rọ̀ mi.

Láti ìgbà náà, ó dẹ́kun yíyan àwo fúnra rẹ̀. Ó ní kí ẹlòmíràn máa yàn án, nítorí òun lè yan èyí tí kò dára láìmọ̀. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, á máa wo ẹnu wọn, á máa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Digna ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pariwo bá a sọ̀rọ̀.

"ARISTIDES, OÚNJẸ TI DÉLẸ̀!"

"Mo gbọ́, Digna. Mi ò sí lójú òkun."

"O Ò GBỌ́! WILFRIDO NÍ O Ò GBỌ́ DÁADÁA!"

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejì, ó gbé ṣíbí kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní òun ti bá ọkùnrin kan láti Cartagena sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn Kanifá ni yóò wá fi ọkọ̀ gbé El Chavarrí, àti gbogbo àwo rẹ̀, Obìnrin Náà pẹ̀lú.

"Mo ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Adití kì í ní pikó. Kí n máa dúró níwájú ohun tí mi ò gbọ́, kí àwọn ọmọdé máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀?"

Digna kò pariwo lọ́jọ́ náà. Omijé kàn ń dà lójú rẹ̀ sínú àwo ọbẹ̀.

Kompáè yíjú sí mi. "Kí lo rò, Wilfrido? Ìwọ lo mọ̀."

Ṣíbí wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Gbólóhùn kan ni, kò gùn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti lọ wo Dimas níbi tó ti ń kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ mi, ọ̀dà náà sì ń tàn bí ìmọ́lẹ̀ inú ìjọ.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó dára jù fún ara yín, Kompáè," mo wí. Mo sì ní kí Komáè Digna fi gbágùúdá kún tèmi.

Ọjọ́ Ajé Kanifá ni wọ́n pàdé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì mú. Wọ́n fi páànù dí òpópónà lórí méjèèjì. El Chavarrí wà ní ìhà kan, La Avispa wà ní ìhà kejì, àwọn èèyàn tó wà láàárín kò dín ní ọ̀ọ́dúnrún. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìjókòó ìkẹyìn Aristides nìyí. Wọ́n ń wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo sí i létí, ó ń dúpẹ́.

El Chavarrí kọ́kọ́ dún. Orin tó gba ìgboro lọ́dún náà ni wọ́n gbé lé e, gbogbo pikó ló ní àwo rẹ̀, ọkùnrin kan ló kọ ọ́. Àwọn èèyàn jó. Kompáè jókòó lórí àga, ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn oníjó.

Lẹ́yìn náà ló kan La Avispa. Màmá Eufemia fa aṣọ tó bo iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ mi yọ. Wilfrido Cantillo, láti etí kan dé èkejì. Àwọn èèyàn yíjú wò mí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ti ń retí ìṣẹ́jú náà láti oṣù Kejìlá, mo sì ń wá ibi tí mo máa fara pamọ́ sí.

Kompáè dìde. Ó ka orúkọ náà, ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Kompáè, orúkọ rẹ rèé!" Ó fa mí mọ́ra. "Ó tọ́ sí ọ. Ó yẹ kí n ti ṣe é fún ọ tipẹ́. Mi ò ronú kàn án ni, dárí jì mí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ní kí n dárí ji òun.

La Avispa bẹ̀rẹ̀ orin kan náà tí El Chavarrí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, láti fi taari rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kompáè ṣì gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Fèrè dún, ìlù dún, ó kù díẹ̀ kí akọrin bọ́ sí ẹsẹ kejì. Ọwọ́ Kompáè fún mi léjìká.

"Ó mí!"

"Ta ló mí?"

"Ọkùnrin yẹn! Akọrin yẹn! Kó tó gbé ẹsẹ kejì, ó mí sínú, mo gbọ́ ọ!" Ojú rẹ̀ kún fún omi. "Wilfrido, mi ò dití! Etí mi yè! Digna! Digna, máa bọ̀, mo gbọ́ ọ!"

Ó dì mọ́ mi. Ó fẹnu kò mí ní orí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń gbá mi lẹ́yìn bí ẹni tó rí ọmọ tó sọ nù. Fún ìwọ̀n ìlàjì orin, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó tirẹ̀ ní gbogbo Barranquilla.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbá mi lẹ́yìn dúró.

N kò rí ojú rẹ̀, nítorí ó ṣì dì mọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú rẹ̀ kọ sí iwájú La Avispa, níbi tí orúkọ mi wà. Ó tú mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò wò mí. Ó gba àárín àwọn oníjó kọjá lọ sí ìhà kejì, àwọn èèyàn yà fún un, wọ́n rò pé ó fẹ́ lọ jó.

"Eufemia," ó wí, "jọ̀ọ́, ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi."

Kò sí ẹni tó ń ṣí ẹ̀yìn pikó rẹ̀ fún ọ̀tá. Àwọn kan hó. Màmá Eufemia wò ó, ó wò mí. Mo ń wo bàtà mi.

"Wilfrido ní o gbà," obìnrin náà wí.

"Gba kí ni?"

Ó pa ẹ̀rọ, ó sì ṣí i. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, yẹ́lò, ìda wọn ti dàgbà. Kompáè fi ìka tọ ibi tí ọ̀bẹ ti ha orúkọ kúrò. Ọwọ́ òsì ni mò ń lò, gbogbo Rebolo ló mọ bí ọ̀bẹ mi ṣe ń fì. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìka lára wọn, ó sì bá ọ̀nà ilé lọ. Digna sáré tẹ̀ lé e.

"Yọ wọ́n," Màmá Eufemia wí fún mi.

"Màmá..."

"Má pè mí ní màmá. Ṣé èmi ló ní kí o jí i? Mo ní kí o bá a sọ ọ́! Yọ wọ́n, kí n tó fi epo gbígbóná wẹ̀ ọ́."

Mo yọ wọ́n níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, mo sì fi àwọn mẹ́rin lásán tó wà nínú àpò iṣẹ́ mi rọ́pò wọn. La Avispa tún bẹ̀rẹ̀ sí dún. Àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí jó. Dimas ti mú ọ̀dà dúdú dé, ó ń pa orúkọ mi rẹ́ láti ìparí bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀, mo fetí sílẹ̀ dáadáa. N kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ láti Cartagena dé, ó gbé El Chavarrí lọ. Digna bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó yí ọ̀rọ̀ padà, ṣebí ó ti rí i pé òun kò dití. Ẹni tó gbọ́ ọ ló sọ fún mi ohun tí Kompáè fi dá a lóhùn: "Mo ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Èmi kì í ṣe Wilfrido."

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú Eléérú, mo di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú áńkáṣíìfù, mo gbé wọn lọ sílé rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó ń mì síwá sẹ́yìn ní ẹnu ọ̀nà, àgbélébùú eérú wà níwájú orí rẹ̀. Digna rí mi, ó wọlé, kò gbé kọfí jáde.

Mo kó wọn lé e lọ́wọ́. Ó wò wọ́n.

"Kí n fi wọ́n ṣe kí ni?"

"Ti yín ni, Kompáè."

Ó gbé wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Jókòó," ó wí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Orúkọ, mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà fẹ́ràn kí n máa rí orúkọ mi. Bí o bá sọ fún mi, mi ò bá ti fún ọ ní gbogbo iwájú El Chavarrí. Ìyẹn ti kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́, kí o dá mi lóhùn bí Ọlọ́run ṣe rí ọ."

"Ẹ béèrè, Kompáè."

"Ọjọ́ tí o fi etí ti àpótí mi, tí o ní mò ń dití. Ṣé o mọ̀ pé èémí rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́? Àbí o ò mọ̀?"

Mo tẹjú mọ́ áńkáṣíìfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Bí o ò bá mọ̀, sọ ọ́. Ẹni tí kò gbọ́, a kì í bá a jà. Màá ní kompáè mi mú nǹkan mi nítorí ojú ayé, kò sì mọ ohun tó mú. Ó máa dùn mí títí Àjíǹde, lẹ́yìn náà, Digna á tún bu ọbẹ̀ fún ọ." Ó mi àga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ pé kò sí, tí o wò mí lójú, tí o ní etí mi ló ń kú, tí o jẹ́ kí n máa wo ẹnu àwọn èèyàn bí ajá fún odidi oṣù kan, a jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́ rí."

Ẹ rí i pé ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó sì dì í mú kí atẹ́gùn má tì í. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù. Kompáè, n kò mọ̀. N kò gbọ́ èémí obìnrin yẹn rí. Ẹ̀yin lẹ létí, èmi kò ní.

Mo la ẹnu mi. Mo rí àwọn ọkùnrin tó ń jókòó sórí àpótí bíà. Mo rí i bí wọ́n á ṣe máa wo ara wọn, bí wọ́n á ṣe máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, Wilfrido elétí, ogún ọdún ó lé. Olè, wọ́n ti pè mí. Mo ti fara mọ́ ìyẹn láti ọjọ́ Ajé. Olè ṣì lè ní etí.

"Mo mọ̀," mo wí. "Mo gbọ́ pé kò sí níbẹ̀."

Kò bínú. Ó mi orí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó gba ìwé dókítà.

"Etí rẹ dára," ó wí.

Ó dìde, ó wọlé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Àwọn èèyàn ṣì ń kó kapásítọ̀ wá bá mi. Wọ́n ní mo burú, ṣùgbọ́n mo gbọ́n létí.

Ẹ̀kọ́ wo ni kí n kọ́ yín? Ẹ má jalè, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ má tan ọ̀rẹ́, ẹ ti mọ ìyẹn náà. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo kọ ìyókù sí. Komáè Digna ló máa ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo sì mọ̀ pé ó máa ń kà á sókè fún ọkọ rẹ̀.

Kompáè, irọ́ ni mo pa fún yín ní ọjọ́ eérú. N kò gbọ́ ọ. N kò gbọ́ ọ rí, kò sí ọjọ́ kan báyìí.